Ọ̀já Ìmọ́lẹ̀ Tí A Ń Ṣọ́ Láti Houston

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kejìlá

Lẹ́tà dé láàárọ̀ yìí láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń darí sátẹ́láìtì. Ọjọ́ tó kẹ́yìn Oṣù Kìíní ni wọ́n máa pa á. Bátìrì ti gbó, owó ìtọ́jú ti tán, gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí a kọ kò wọ̀ wọ́n létí. Mo kà á tán nídìí tábìlì oúnjẹ, mo wọ mọ́tò. Láti Katy dé yunifásítì tí mo ti ń kọ́ni, freeway dí pa, nítorí náà mo ráyè rò ó dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ọdún mọ́kànlá nìyí tí mo ti ń sọ pé ọ̀já ìmọ́lẹ̀, oríṣi aurora kan, tó máa ń nà gbọọrọ kọjá lókè orí ayé ní àríwá, láti apá ọ̀sán dé apá òru, kì í ṣe oòrùn ló ń dà á sílẹ̀ tààrà. Mo ní inú ìrù òòfà ayé ló ti ń wá, ìrù tó ń wọ́ tẹ̀lé ayé lẹ́yìn bí ìrù ọ̀kín, tí eérún gbígbóná tíntìntín, prótọ́ọ̀nù àti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, há sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ inú ìrù ni lóòótọ́, prótọ́ọ̀nù gbígbóná gbọ́dọ̀ bá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wà nínú ọ̀já náà. Tòkunbọ̀, tí a jọ jókòó ní kíláàsì físíìsì n'Ífẹ̀, tó ń kọ́ wọn ní Colorado báyìí, ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nìkan ló wà níbẹ̀, láti oòrùn wá. Kò sí ẹni tó tíì fi ẹ̀rí pa ẹnì kejì lẹ́nu mọ́.

Kí ẹ̀rí tó lè dúró, ọ̀já gbọ́dọ̀ yọ, ojú ọ̀run gbọ́dọ̀ mọ́ lókè kámẹ́rà wa ní ibùdó tó wà lókè Kánádà, sátẹ́láìtì sì gbọ́dọ̀ gba àárín ọ̀já náà kọjá, kí ẹ̀rọ tó ń ka eérún sì wà ní títàn ní wákàtí yẹn. Kí gbogbo rẹ̀ pàdé lẹ́ẹ̀kan péré, kó tó di ìparí Oṣù Kìíní. Bí wọn ò bá pàdé, ọ̀rọ̀ ẹnu ni èrò mi yóò jẹ́ títí n ó fi fẹ̀yìn tì.

Mo sọ fún Màríàm, tí orí kẹta nínú ìwé oyè dókítà rẹ̀ dá lórí ọ̀já yìí. Ó wò mí, ó wo fèrèsé.

"Mà, ṣé àwa ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ẹran Kérésì ni?"

Mo ní kó lọ tẹ gbogbo ọ̀nà tí sátẹ́láìtì máa gbà kọjá lókè ibùdó láti òní dé ọjọ́ náà. Ó ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó jẹun ọ̀sán.

Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kejìlá

Francis, tó ń mójú tó ibùdó fún wa, gbé kámẹ́rà tuntun sórí òrùlé lónìí, nítorí yìnyín ti wọ inú ti àtijọ́. Ó kọ̀wé pé òtútù náà pọ̀ débi pé ìpéǹpéjú òun lẹ̀ mọ́ra wọn, pé òun ní láti dúró kí èémí òun yọ́ ọ kí òun tó rí nọ́ọ̀tì kámẹ́rà tí òun ń dè. Ó béèrè bí Houston ṣe rí. Mo dá a lóhùn pé ẹ̀rọ amúlétutù wa ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò fèsì mọ́.

Àwòrán àkọ́kọ́ mọ́ rekete. Ìràwọ̀ kún inú rẹ̀ bí iyọ̀ tó dà sórí aṣọ dúdú.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kejìlá

Inú wa dùn lónìí. Ọ̀já yọ lọ́sàn-án, nítorí oòrùn kì í là níbẹ̀ lásìkò yìí, sátẹ́láìtì sì kọjá lẹ́bàá rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tàn. Nígbà tí Màríàm gbé ọ̀nà sátẹ́láìtì lé àwòrán kámẹ́rà lórí, ó hàn pé ó fara kan etí ọ̀já náà. Prótọ́ọ̀nù díẹ̀ yọ nínú gíráàfù níbẹ̀ gan-an. Díẹ̀ ni o. Ṣùgbọ́n wọ́n wà.

Mo pe Tòkunbọ̀. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó rẹ́rìn-ín.

"Bọ́lá, etí aṣọ lo fọwọ́ kàn, o ní o ti mọ ẹni tó wọ̀ ọ́."

"Màá bá ẹni náà sọ̀rọ̀ láìpẹ́."

"Bá mi kí i."

Ọjọ́rú, 25 Oṣù Kejìlá

Kérésì. Ọ̀já dúró lókè ibùdó láti àárọ̀, ó rí gbọọrọ, ó dára. Àwọn tó ń darí sátẹ́láìtì wà ní ìsinmi, ẹ̀rọ wà ní pípa. Mo jẹ ìrẹsì, mo sì ń wo ọ̀já náà lórí fóònù lábẹ́ tábìlì. Ọláwọlé, ọkọ mi, rí mi. Ó ní bó bá jẹ́ ọkùnrin ni mo ń wò báyẹn, òun ì bá ti mọ ohun tí òun máa ṣe.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kìíní

Ìjì ńlá láti ọ̀dọ̀ oòrùn bẹ̀rẹ̀ lánàá, kò tíì rọlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àríwá sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí kì í sábà dé, gbogbo ènìyàn ló ń ya fọ́tò. Láti ìdájí ni àwọn ará ìjọ ti ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù: "Prof, ẹ kú oríire o, ọdún yìí tiyín ni." Mo dáwọ́ ìdáhùn dúró.

Kò yé wọn, kò sì sí bó ṣe máa yé wọn. Ìjì ni gbogbo ayé ń fẹ́. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ni òwò tiwa. Ìgbà tí ẹ̀fúùfù oòrùn bá ń fẹ́ pẹ̀lẹ́, tí òòfà tó ń gbé bọ̀ kọjú sí àríwá, ìgbà náà ni ọ̀já máa ń nà sókè orí ayé. Bí ìjì bá ti dé, ó tú ká.

Èyí tó burú jù ni pé ètò tí wọ́n kọ sínú sátẹ́láìtì rò bí ará ìjọ mi ṣe rò. Ìgbà ìjì ló ń tan ẹ̀rọ tó ń ka eérún. Ìgbà ìdákẹ́rọ́rọ́ ló ń pa á láti ṣọ́ bátìrì. Ìgbàkígbà tí ọ̀já bá yọ, ojú ẹ̀rọ wa wà ní dídì, àfi bí a bá bẹ̀bẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀. Mo kọ̀wé pé kí wọ́n yí ètò náà padà fún oṣù kan péré.

Ẹtì, 3 Oṣù Kìíní

Wọn ò yí i padà, ṣùgbọ́n wọ́n yan Delight fún wa, ọmọ Warri kan tó ń jókòó sídìí sátẹ́láìtì náà, pé kó máa gba ẹ̀bẹ̀ wa fúnra rẹ̀. Ó pè wá lórí kọ̀ǹpútà. Ó gbọ́ àlàyé mi, ó da ọwọ́ bo ẹnu.

"Prof, na only una I see wey dey pray make nothing happen."

Màríàm rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo fún Delight ní ọ̀nà mẹ́rin tí sátẹ́láìtì máa gbà kọjá. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti Ìṣẹ́gun.

Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kìíní

Ó ṣẹlẹ̀. Ojú ọ̀run mọ́ ní ibùdó. Ọ̀já kan ṣoṣo yọ, ó tàn, kò gbọ̀n. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, sátẹ́láìtì kọjá pẹ̀lú ẹ̀rọ ní títàn. Lórí àwòrán wa, ọ̀nà rẹ̀ gún ọ̀já náà láàárín bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gún aṣọ. Dátà máa dé lọ́la. Mo ra súyà lójú ọ̀nà lọ sílé. Súyà ti di góòlù ní ìlú yìí, mi ò bá wọn ná an.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kìíní

Kò sí prótọ́ọ̀nù kankan nínú ọ̀já náà.

Àní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù pàápàá, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni, bí òjò tó ń palẹ̀ mọ́. Màríàm tún ìṣirò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi náà tún un ṣe, láìwo tirẹ̀. Ọ̀kan náà ni.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n níhìn-ín. Bó bá dúró bẹ́ẹ̀, mo ti ṣìnà fún ọdún mọ́kànlá, n ó sì sọ ọ́ níbi tí mo ti ń sọ òdìkejì rẹ̀. Mo pe Tòkunbọ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

"Ó jọ pé ìwọ lo jàre."

Mo ti rò pé yóò fò sókè.

"Má tíì sọ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tèmi dà? Ọ̀já tó tàn tó báyẹn, kí ló ń tàn án? Kì í ṣe tìrẹ, kì í ṣe tèmi. Lọ wò ó dáadáa."

Òótọ́ ló sọ, inú bí mi pé òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kìíní

Mo ti rí i. Mo ń kọ èyí nínú ọ́fíìsì, Màríàm jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Mo ti fi gíráàfù sílẹ̀ nítorí ojú ń ro mí, mo wá ń wo àwòrán kámẹ́rà lásán. Òṣùpá wà nínú rẹ̀. Ní aago mẹ́rin ọjọ́ náà, òṣùpá ní láti wà ní apá ìlà-oòrùn gúúsù ibùdó. Lórí àwòrán wa, ìwọ̀-oòrùn ló wà. Mo wá Júpítà. Òun náà, ìwọ̀-oòrùn. Gbogbo ọ̀run ti sọdá sí òdìkejì.

Ẹni tó bá dùbúlẹ̀, tó kọrí sí àríwá, tó ń wo òkè, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ìlà-oòrùn máa wà. Lórí máàpù, ọwọ́ ọ̀tún ni. Nítorí náà, gbogbo àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí la máa ń yí àwòrán padà bí ìgbà tí èèyàn yí aṣọ síta kí a tó gbé e lé máàpù. Ètò kọ̀ǹpútà tí Màríàm kọ ń ṣe é láti ọdún méjì, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tuntun ti ń yí i fúnra rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́. A tún wá yí èyí tí a ti yí. Ó wà nínú ìwé tó bá kámẹ́rà náà wá. Èmi pẹ̀lú rẹ̀, kò sí ẹni tó kà á nínú wa, nítorí a gbà pé a mọ kámẹ́rà.

Nígbà tí a tò ó bó ṣe yẹ, ọ̀já náà ṣí lọ sí apá kejì. Sátẹ́láìtì gba inú òkùnkùn kọjá, ó jìnnà sí i. Dátà Ìṣẹ́gun kò dá mi lẹ́bi, kò sì dá mi láre. Kò sọ nǹkankan.

"Mà," Màríàm sọ láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀, "ti ọjọ́ kọkàndínlógún ńkọ́?"

Mo ti ń retí ìbéèrè yẹn. Ti ọjọ́ kọkàndínlógún Oṣù Kejìlá náà ti lọ. Etí aṣọ tí a rò pé a fọwọ́ kàn, aṣọ kankan ò sí níbẹ̀. Prótọ́ọ̀nù díẹ̀ yẹn, ariwo inú ẹ̀rọ lásán ni, àmì tí kò ti ibì kankan wá.

"Ó ti lọ," mo ní.

"Ẹ má bínú sí mi, Mà."

"Dìde nílẹ̀. Ìwé tèmi náà wà lórí kọ̀ǹpútà mi, mi ò ṣí i. Wá ká tún ètò yìí kọ."

A tún un kọ. Láti òní lọ, ìràwọ̀ mẹ́ta ni ètò náà máa kọ́kọ́ wá lójú àwòrán. Bí wọn ò bá sí níbi tí wọ́n ní láti wà, kò ní yàwòrán kankan.

Mo pe Tòkunbọ̀. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun ti sọ fún ìyàwó òun pé kó se ìrẹsì ìṣẹ́gun. Mo ní kí wọ́n jẹ ẹ́, kó má tutù.

Ajé, 13 Oṣù Kìíní

Òṣùpá kún. Ní ibùdó wa kì í wọ̀ lásìkò yìí, ńṣe ló ń yí ojú ọ̀run po bí àlejò tí kò fẹ́ lọ ilé. Ọ̀já tí kò bá lágbára, ìmọ́lẹ̀ òṣùpá á bò ó mọ́lẹ̀. Ó dọjọ́ ogún oṣù kó tó fi wá sílẹ̀.

Delight pè. Kò bá wa ṣeré lónìí. Bátìrì sátẹ́láìtì lọ sílẹ̀ gan-an lópin ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ tó ń ka eérún ní kíkún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ṣeé ṣe kó gbà. Ìgbà kejì, wọn ò ní gbà fún wa. Ìyẹn ni pé ọ̀nà tó kù nínú ẹ̀bẹ̀ wa ti di ẹyọ kan, àwa la sì máa yan èyí tó máa jẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kìíní

Kò sí nǹkan. Kùrukùru ní ibùdó, òṣùpá lókè kùrukùru. Owó páálí ẹyin tí mo rà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ọláwọlé ní ká máa sin adìyẹ ní Katy. Mo ní ẹgbẹ́ onílé ò ní gbà. Ó ní ká sọ fún wọn pé ajá ni.

Ajé, 20 Oṣù Kìíní

A ní láti fún Delight lésì lónìí. Ọ̀nà tó dára kù méjì: Ọjọ́rú tó ń bọ̀ yìí, ọjọ́ kejìlélógún, àti Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e.

Mo fẹ́ràn èkejì. Òṣùpá ò ní sí lókè rárá, àwọn tó ń sọ ojú ọjọ́ ní Kánádà sì ní ó ṣeé ṣe kí ojú ọ̀run mọ́. Ní ọjọ́ kejìlélógún, kùrukùru fẹ́ẹ́rẹ́ lè wà. Màríàm ò gbà. Ó wá láti Gulfton, níbi tó ń gbé, nínú òtútù, ẹ̀wù mẹ́ta ló wọ̀, ó sì dúró síwájú pátákó bí agbẹjọ́rò.

"Mà, kùrukùru lè ṣí. Ẹ̀fúùfù oòrùn tí kò bá dára ò ní ṣàtúnṣe ara rẹ̀. Ojú oòrùn tó ń yí bọ̀ wá kọjú sí wa lọ́sẹ̀ yìí, òun náà ló kọjú sí wa nígbà Kérésì tí ọ̀já dúró."

"Ojú kan náà kì í sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ihò dúdú ńlá ló wà lójú oòrùn tó máa kọjú sí wa. Ẹ̀fúùfù líle ló máa tibẹ̀ wá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Mo wo àwòrán oòrùn náà fún ìgbà pípẹ́. Ihò náà wà níbẹ̀, ó fẹ̀, ó ń bọ̀. Mo ti ń ro ohun tí mo lè rí láti ilẹ̀, mo gbàgbé ohun tó ń dá ọ̀já sílẹ̀. Ó jàre. Mo sọ fún un pé ó jàre. Mo fún Delight ní ọjọ́ kejìlélógún.

Bí mo ṣe ń padà sílé, mo yà sí ilé ìtajà. Búrẹ́dì ti tán lórí pẹpẹ. Wọ́n ní yìnyín máa bọ́ ní Houston lálẹ́ òní.

Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kìíní

Yìnyín bọ́ lóòótọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo àdúgbò funfun, igi ọ̀pẹ iwájú ilé aládùúgbò wa wọ fìlà. Wọ́n ti freeway pa, wọ́n ti ilé-ìwé pa. Kò sí ẹni tó ní ṣọ́bìrì yìnyín ní ìlú yìí. Ọláwọlé fi èyí tí a fi ń gbin òdòdó kó ti ẹnu ọ̀nà, ó wọ bùbá, sòkòtò àti bàtà òjò. Aládùúgbò ya fọ́tò rẹ̀.

Mo fi fọ́tò ilé wa ránṣẹ́ sí Francis. Ó ní òun náà ti wo ojú ọjọ́: lónìí, yìnyín tó bọ́ sí Houston pọ̀ ju èyí tó bọ́ sí ibùdó lọ. Ó ní ṣé kí òun wá ràn wá lọ́wọ́.

Ẹ̀fúùfù oòrùn rọlẹ̀ láti ọ̀sán. Ó rọra, ó tẹ́jú. Mi ò lè jókòó.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kìíní

Yìnyín ṣì wà nílẹ̀, ilé-ìwé ṣì wà ní títì. Màríàm wà ní apartment rẹ̀ ní Gulfton, mo wà nídìí tábìlì oúnjẹ ní Katy, Francis wà níbi tó máa ń wà, gbogbo wa pàdé lójú kọ̀ǹpútà.

Láàárọ̀, òòfà inú ẹ̀fúùfù oòrùn yíjú sí àríwá, ó sì dúró síbẹ̀. Ní ọ̀sán, ọ̀já yọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kùrukùru dé, ó bo gbogbo rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fa kọ́tìnì. Mo dìde, mo gbé omi kaná, mo gbàgbé rẹ̀ lórí iná.

Nígbà tó kù bí ìdajì wákàtí, Francis ní òun ń lọ síta. Ó padà, a gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Ìràwọ̀ kan wà," ó ní. Lẹ́yìn náà: "Méjì." Lẹ́yìn náà ó ní kò sí ìdí tí òun fi ń kà wọ́n mọ́.

Kámẹ́rà rí i. Ètò wá ìràwọ̀ mẹ́ta rẹ̀, ó rí wọn níbi tí wọ́n ní láti wà, ó gbé àwòrán lé máàpù. Ọ̀já wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn ọ̀nà sátẹ́láìtì ló wà. Kò jìnnà, kò sì sún mọ́ ọn tó. Ọ̀já máa ń ṣí kúrò níbi tó wà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n tú okùn rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ibi tó ń ṣí lọ.

"Ó ń bọ̀, Mà."

"Má sọ ọ́ títí o fi wọ̀n ọ́n."

"Mo ti wọ̀n ọ́n. Ó ń bọ̀."

Àwòrán kọ̀ọ̀kan tó bá dé, ó ti sún díẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Màríàm ń wọ̀n ọ́n, mo ń wọ̀n ọ́n tẹ̀lé e, nọ́ńbà wa ń bára mu. Mo ṣe ìṣirò bó ṣe ń sáré, mo mọ̀ pé yóò bọ́ sí i tàbí yóò fi ìbú ara rẹ̀ kan ṣoṣo tàsé. Delight wọlé sọ̀rọ̀ pé ẹ̀rọ ti tàn, bátìrì gbà á.

Sátẹ́láìtì kọjá. Nínú àwòrán tí kámẹ́rà yà ní ìṣẹ́jú náà, ọ̀já wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, ó nà láti etí kan dé etí kejì.

Màríàm da ọwọ́ bojú. Francis ní òun ń lọ mu tíì. Omi mi ti gbẹ nínú ìkòkò, ìdí ìkòkò ti dúdú.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kìíní

Ọ̀nà ti ṣí. Mo dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo ènìyàn, Màríàm ti wà níbẹ̀.

Dátà dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo ní kó má yára. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù la kọ́kọ́ yà: ó wà, ó ga, ó wà níbi tí ọ̀já wà gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni prótọ́ọ̀nù. Gíráàfù náà yọ láti ọwọ́ òsì, òfìfo, òfìfo, òfìfo. Ó wá dé etí ọ̀já, ó pọ́n, àwọ̀ tó ń fi hàn pé eérún pọ̀. Ó pọ́n láti etí kan dé etí kejì, ó nípọn, ó gbóná bí ti inú ìrù ayé ṣe máa ń gbóná. Bí ọ̀já ṣe parí, òun náà parí.

"Alhamdulillah," Màríàm sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo ní kó tún un yà. Ó tún un yà. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rìn dé ìpẹ̀kun rẹ̀, mo padà. Ọdún mọ́kànlá. Mo tún rìn ín.

Ẹtì, 24 Oṣù Kìíní

A lo gbogbo ọjọ́ láti bá ara wa jà. Ṣé àwòrán dojú kọ ibi tó yẹ? Ìràwọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, àti Júpítà, àti Máàsì. Ṣé aago sátẹ́láìtì àti ti kámẹ́rà bára mu? Delight fi ti tirẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n bára mu. Ṣé ariwo inú ẹ̀rọ ni, bí ti Oṣù Kejìlá? Ariwo kì í dúró létí ọ̀já bí ẹni tí a fa ìlà fún.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo pe Tòkunbọ̀. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Fi dátà ránṣẹ́. Gbogbo rẹ̀, bó ṣe wá láti òkè. Má fọ̀ ọ́ fún mi."

"Mi ò ní fọ̀ ọ́."

"Màá gbìyànjú láti fọ́ ọ, Bọ́lá. O mọ̀."

"Ìdí tí mo fi fi ránṣẹ́ sí ọ nìyẹn."

Ọjọ́rú, 29 Oṣù Kìíní

Ọjọ́ tí mo fẹ́ yàn tẹ́lẹ̀. Ẹ̀fúùfù oòrùn le láti àná. Ojú ọ̀run mọ́ kedere ní ibùdó, kò sí òṣùpá, kò sí kùrukùru, kò sì sí ọ̀já. Mo tẹ àwòrán òfìfo náà, mo gbé e lé tábìlì Màríàm. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Tòkunbọ̀ ò tíì pè.

Ẹtì, 31 Oṣù Kìíní

Wọ́n pa sátẹ́láìtì ní ọ̀sán. Delight jẹ́ ká wà lórí ìlà. Ó ka àṣẹ náà sókè, ó fi ránṣẹ́, a dúró. Ìlà tó ń lọ lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Ṣé ó máa já bọ́?" Màríàm bi í.

"E go dey waka go round for years," Delight ní. "E just no go talk again."

A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Màríàm ti parí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ orí kẹta. Mo gbé e dání lọ sílé. Mo ní ìbéèrè mẹ́tàdínlógún sí i, ó dára gan-an.

Ajé, 3 Oṣù Kejì

Tòkunbọ̀ pè láàárọ̀, mo wà ní ọ́fíìsì, Màríàm jókòó nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́rin sí etí.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá ọlọ́jàá."

"Káàárọ̀. O pẹ́."

"Iṣẹ́ ni mo ń ṣe. Mo ní ariwo ni, kò gbà. Mo sún aago síwájú, mo sún un sẹ́yìn, kò gbà. Mo yí àwòrán rẹ po, nítorí mo mọ̀ yín, ìràwọ̀ kọ̀ fún mi. Ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ ni mo fi gbọ̀n ọ́n. Ìyàwó mi ní kí n fi obìnrin náà sílẹ̀."

"Kí lo wá rí?"

Ó mí kanlẹ̀.

"Prótọ́ọ̀nù ni. Láti inú ìrù. Ìwọ lo jàre lórí ọ̀já yìí."

Mo gbọ́ tó ń mu nǹkan, mo rò pé kọfí ni.

"Bọ́lá, ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

Mo tẹ Màríàm léjìká, ó yọ ẹ̀rọ ìgbọ́rin kúrò létí. Mo gbé fóònù sí àárín tábìlì, mo tan ohùn rẹ̀ síta.

"Mo wà níbẹ̀," mo ní. "Tún un sọ, Màríàm ò gbọ́."

Ó tún un sọ.